Ọwọ́ Òsì Hadhria

Ní oṣù tí a ń ká èso ólífì ni ẹ̀gbà mú ìyá ọkọ mi, Hadhria, ní apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún kò jí mọ́. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń fi ọwọ́ yẹn mọ ìkòkò. Ní Sejnane wa níbí, ní àríwá Tùnísíà, obìnrin ló ń mọ ìkòkò, a kì í sì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Ọwọ́ méjì, amọ̀, omi díẹ̀, sùúrù púpọ̀, ó tán. Hadhria ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan ti kú nínú méjì, iṣẹ́ ti kú nìyẹn. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a ti ń po amọ̀.

Oṣù mẹ́jọ ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn lèmi, Rebh, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn láti Tunis kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní gbogbo Sátidé.

"Ará ìlú ńlá wo ló fẹ́ fọwọ́ kan ìgbẹ́ màlúù?" ló bi mí. Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ la fi ń sun ìkòkò.

"Wọ́n á fọwọ́ kàn án, Màmá."

"Ìwọ gan-an, ta ló ní kó o máa kọ́ èèyàn? Ìkòkò tó o mọ kẹ́yìn, bí ìgbà tí ràkúnmí jókòó lé e ló rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi pé ó tún lè bú mi.

Ní Sátidé kẹta, èèyàn márùn-ún ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Dalila, obìnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní Tunis. Àwọn yòókù ń mọ ẹyẹ àti ife. Òun ní agbada pẹrẹsẹ lòun fẹ́, irú èyí tí a fi ń yan búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú oṣù ààwẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì ń kó ẹrù olóògbé kúrò nílé ni agbada rẹ̀ já bọ́, tó fọ́.

Ó mọ agbada náà nígbà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni etí rẹ̀ wó. Nígbà kẹta, ó gbé ọwọ́ tó kún fún amọ̀ lé itan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ariwo.  

"Omi ẹ pọ̀ jù!" Ohùn Hadhria ló ti abẹ́ igi wá yẹn. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò kúkú wò ó."

"Mo gbọ́ ọ ni. Amọ̀ tómi bá pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń dún bí ẹnu ọmọ tó ń jẹ kúskúsì."

Dalila nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé pátákó tí amọ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án."

"Ọwọ́ wo? Èyí ti kú. Òsì ló kù. Ṣé ọwọ́ tí a kì í fi jẹun ni kí n wá fi mọ ohun tí ẹ máa fi yan búrẹ́dì?"

Àṣé ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn láti oṣù mẹ́jọ! A wà nínú ilé kan náà, n kò mọ̀.

Dalila gbé pátákó náà sílẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni màámi fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Tí mo bá fẹ́ gbé wọn dìde, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń di bẹ́ẹ̀dì mú, òsì ni mo fi ń gbé wọn. Òsì yìí náà ni wọ́n dì mú títí tí ẹ̀mí fi bọ́. Wọn ò bá mi jà lórí ẹ̀ rí."

Hadhria wò ó pẹ́.

"Bọ́ òrùka ẹ," ló sọ.

Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọwọ́ ọ̀tún Dalila wà lẹ́yìn etí agbada, ọwọ́ òsì Hadhria wà nínú rẹ̀.

"Má tì í. Gbà á mọ́ra."

"Mo ń gbà á mọ́ra, Màmá."

"O ń tì í! Ṣé bó o ṣe ń wakọ̀ nìyẹn? Àwọn èrò ẹ mà ń jìyà o."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi sọ pé mò ń lọ wá ìkarahun tí a fi ń dán ìkòkò, mo sì lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni agbada náà fi gbẹ. Dalila padà wá lọ́jọ́ tí a fẹ́ sun ún. Ìkòkò méjì bẹ́ nínú iná, tiwọn kò bẹ́. Èéfín kùn ún ní dúdú lápá kan, ó sì wọ́ díẹ̀.

"Ó wọ́," ni Hadhria wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Dalila fèsì. Ó fi gèlè orí ara rẹ̀ wé e, ó sì gbé e lé itan nínú ọkọ̀ èrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Hadhria ní kí n pe Dalila lórí fóònù, kí n sọ fún un kó fi òróró pa agbada náà kó tó gbé e kaná. Dalila ní òun ti pa á, pé ìyá òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé fóònù fún Hadhria kí wọ́n kíra wọn. Oúnjẹ ti tutù lórí tábìlì, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán.