Rímù Tí Kò Dáhùn

Bí èèyàn bá ń wá rímù àlòkù tí kò ní dójú tì í lójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ Agogo ni wọ́n máa ń júwe fún un. Kì í ṣe pé ọjà rẹ̀ dán ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, eruku sì bo gbogbo ohun tó tò sára ògiri. Okùn kan tó so mọ́ àjà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kò ní ta rímù fún ọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé e kọ́ sórí okùn yẹn, kó fi igi òòlù kàn án, kó sì tẹ́tí. Èyí tó bá pé á ké tíín-ín, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó lọ. Èyí tó bá ti sán, kódà kí ojú ibi tó sán tín-ín-rín bí irun, á dún gbọ̀ọ̀ bí àpò ìrẹsì.

Àwọn oníbàárà á ní, "Bàbá, ẹ̀yin mà bẹ̀rù Ọlọ́run o!" Agogo á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan rímù, òun náà ò sì fẹ́ kí wọ́n bi í. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí ìdáhùn yẹn ti wà níkùn rẹ̀. Ọjọ́ tó bá jáde, orúkọ tó fi ń jẹun parun nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, àdúgbò pa lọ́lọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì. Òun nìkan ló ṣí, nítorí ìyàwó rẹ̀ ní kó gbé ẹsẹ̀ dọ̀tí rẹ̀ kúrò nílé tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ibi tó jókòó sí ló ti rí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ayé àtijọ́ kan tó ń bọ̀, elérò méjì, onímú gígùn, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Òkè rẹ̀ dára, ìsàlẹ̀ ló ń tini lójú. Rímù onírin mẹ́rin ló gbé e dúró, ọ̀kan ò jọ ìkejì, bí ẹni tó wọ kóòtù tán tó wá ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì ilé ìwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló wà á, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ.

"Ẹ kú ìsinmi, bàbá. Rímù mẹ́rin ni mo ń wá. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé ọmọ mi lọ kí ìyá mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ọkọ̀ yìí báyìí." Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó pọ́n bíi góòlù. "Èyí ńkọ́?"

"Ihò márùn-ún nìyẹn. Mẹ́rin ni tìrẹ."

"Dúdú yẹn ńkọ́?"

"Ó fẹ̀ jù. Gbogbo ìgbà tó o bá ti fẹ́ yà ni táyà á máa ha ara ọkọ̀, wàá rò pé ológbò ló há sábẹ́ rẹ."

"Èyí tó ń dán yìí?"

"Á wọ abẹ́ ọkọ̀ jù. Ọkọ̀ rẹ á wá dúró bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ta ọjà lónìí ṣá?"

"Ọmọ mi, ẹni tó bá fi ojú ra rímù, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé."

Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò sórí mẹ́rin kan, aláwọ̀ fàdákà, oníhò mẹ́rin, tí ìbú wọn ṣe rẹ́gí. Agogo gbé wọn kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn wọ́n. Gbogbo wọn ké tíín-ín, ohùn wọn mọ́ lóló. Ó gbé àkọ́kọ́ jáde lọ síbi ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà, ó fi ìka kan gbé e sókè, ó sì tún kàn án, àṣà lásán ni.

Gbọ̀ọ̀.

Ó wò ó yípo, kò rí nǹkan kan. Ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó kàn án, ó ké. Ó tún gbé e jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ké. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó dé ọkọ̀, ohùn náà rẹlẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó kú. Ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó sáré tú tuntun kan nínú páálí rẹ̀, òun náà dún gbọ̀ọ̀. Níkẹyìn, ó fi sípánà lu orí òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irin méjì kan ara wọn lójú ọ̀sán gangan, wọn ò dún ju pàtẹ́wọ́ ọmọ kékeré lọ. 

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Agogo sọ òòlù sílẹ̀. Ó lóṣòó, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìbòrí táyà iwájú. Ìka rẹ̀ kan ojú ayùn mẹ́ta níbi tí ẹnìkan ti fá etí irin náà kí táyà má baà máa ha á. Kò sẹ́ni tí kì í mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. 

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ti bàbá mi ni. Àwọ̀ eérú ló ní tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n sì kùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n fi kú ní kọ́nà kan. Àwọn èèyàn ní eré ni wọ́n sá. Ìyá mi ò tíì dárí jì wọ́n dòní olónìí. Tí mo bá ti dárúkọ wọn, ohun tí màámi á sọ ni pé, 'Ẹni tó fẹ́ràn eré ju ọmọ ẹ̀ lọ.'"

Agogo rántí ọkùnrin náà. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó ń pa á lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tí Agogo fi ń fá irin yẹn. Rímù mẹ́rin ló tà fún un, ọ̀kan nínú wọn ti sán. Ó ti ní kí wẹ́dà jó o, òun fúnra rẹ̀ sì kùn ún lọ́dà, ó búra pé kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òkú olùkọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló so okùn mọ́ àjà.

"Mi ò ní rímù tó bá ọkọ̀ rẹ mu," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíì láàárín ọ̀sẹ̀, bàbá. Gbogbo wọn ló ní kí n wá bá yín. Wọ́n ní ẹ̀yin ò lè ta ohun tó máa pa èèyàn."

 Agogo lè ta àwọn rímù náà kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ mọ́ bóyá irin ló ń parọ́ ni tàbí etí òun, ọmọ kékeré kan ló sì máa jókòó lórí wọn lọ́la. Ẹ̀rù ọmọ yẹn bà á ju ẹ̀rù ìtìjú lọ. Ló bá kúnlẹ̀ sínú eruku, ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí wẹ́dà dé orí ọ̀dà.

Nọ́ọ̀sì ò sunkún, kò sì pariwo. Ó nawọ́ sí àwọn rímù aláwọ̀ fàdákà náà.

"Ẹ dè wọ́n."

"Ọmọ mi, wọn ò dáhùn."

"Ẹ dè wọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò dúró dọ̀la mọ́. Ẹ máa bá mi sọ ọ́ fún ìyá mi bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn."

Agogo wọ táyà sí wọn, ó fẹ́ ẹ, ó de nọ́ọ̀tì, ó sì tún un dè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó. Wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀nà ò dún lábẹ́ wọn. Ó rí i tí ilé àti igi ń kọjá, síbẹ̀ kò gbọ́ táyà, kò gbọ́ òkúta, èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ní gbogbo kọ́nà, ó di àga mú, ó ń dúró de ìró irin tó là. Kò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìyá nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ lórí okùn níwájú ilé. Nígbà tó rí ọkọ̀ náà, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì pa ẹ́ńjìnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Agogo náà jáde, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Màámi, bàbá yìí ló ta rímù fún dádì."

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé eré ni ọkọ mi ń sá lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, mà," ni Agogo wí. "Mo lọ sí kọ́nà náà lọ́jọ́ kejì. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn sọ ọ́ lójú mi pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ibi tí mo ní kí wọ́n jó lára rímù ló là. Mo gbọ́ tí gbogbo ayé ń sọ pé eré ni, mo sì dákẹ́. Èmi ni, mà."

Ìyá náà ò bú u. Àfi bíi pé Agogo ò sí níbẹ̀. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn awakọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ má bínú. Mo bú yín tó."

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó wà nínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tí Agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, ṣí láti inú wá, jẹ́jẹ́, bí ọkọ ṣe máa ń nawọ́ ṣí i fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà ò bẹ̀rù. Ó yí imú ọkọ̀ po, ó wọlé, ó jókòó, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Láti ìta, wọ́n ń rí i tó ń sọ̀rọ̀, tó ń dákẹ́ díẹ̀, tó tún ń sọ̀rọ̀. Agogo dúró láàárín àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ń retí kí ẹnìkan sọ pé kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.