Aṣọ Ìyá Inú Fídíò

Nígbà tí ọmọ mi sọ fún mi pé òun ti kọ orin nípa mi, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Mo ní kó kọ ọ́ kí n gbọ́. Orin náà dùn. Ó mẹ́nu ba ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, níbi tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn látìgbà tí kò tíì gbọ́njú. Ó mẹ́nu ba bí mo ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ mi tí ọṣẹ bá ti bó o.

"Mọ́mì, inú yàrá wa gan-an la ti máa ya fídíò rẹ̀," ló wí. "Kí gbogbo ayé lè rí yín."

Kí gbogbo ayé rí mi. Ó wù mí, n kò ní purọ́. Mo fọ ògiri, mo fọ kọ́tìnì, mo lọ̀ ọ́. Mo fi sítáàṣì sí búláòsì funfun mi títí tó fẹ́ẹ̀ lè dá dúró fúnra rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn tó máa ya fídíò náà dé. Olùdarí wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọjú fìlà sẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo yàrá mi bí ẹni ń wo oúnjẹ tó ti kan.

"Ṣé ibí yìí náà ni? Ó ti mọ́ jù."

Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Mo ní, "Ẹ ṣé o."

Ó ké sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ọ̀kan po èédú mọ́ omi, ó ń fi í pa ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Òmíràn já kọ́tìnì mi, ó fi àpò kọ́ síbẹ̀. Wọ́n gbé báàfù sáàárín ilé, ẹnì kan gun àga, ó ń da omi inú ìgò sínú rẹ̀, tó, tó, tó.

"Ẹ dákun, kí lẹ ń ṣe sí ilé mi?"

"Màmá, ẹ má bínú," olùdarí dáhùn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Orin kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tiẹ̀. Orin ijó, mọ́tò àtàwọn ọmọge. Orin ìfẹ́, òjò gbọ́dọ̀ rọ̀, kẹ́nì kan dúró sídìí fèrèsé. Orin ẹ̀mí, aṣọ funfun lórí òkè. Tí orin ìyá bá wá ni, òrùlé á jò, gìgísẹ̀ á là, ìyá á máa wúkọ́, ọmọ á wá fi mọ́tò ńlá dé. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ohùn rárá á ti mọ irú orin tó jẹ́."

"Òrùlé mi kì í jò."

"Ó máa jò lónìí," ẹni tó wà lórí àga wí. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo wo ọmọ mi. Fóònù ló ń tẹ̀. Mo wá rántí àwọn fídíò orin ijó rẹ̀, orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mọ́tò àyálò kan náà, àwọn ọmọbìnrin tó ń jùdí létí omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Mo sọ fún un nígbà kan pé òtútù ń mú ọ̀kan nínú wọn. Ó rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ó máa tó kàn mí.

Wọ́n wá gbé aṣọ kan fún mi, gáùn tó ya léjìká, tó ní àbàwọ́n lábẹ́ abíyá. "Màmá, ẹ bá wa wọ èyí."

Ìka méjì ni mo fi gbá a mú. Mo ti fọ ẹ̀jẹ̀, ọyún àti ìgbẹ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí, kò rí mi lára. Ṣùgbọ́n èyí rí mi lára. Àìsàn ló bí èérí ilé ìwòsàn. Èyí, ṣe ni wọ́n jókòó, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ṣe é.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo lo rí mi nínú irú aṣọ yìí?"

"Mọ́mì, fídíò lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo olórin ń ṣe é. Tí ẹ bá mọ́ báyìí, ta ló máa sunkún?"

"Ta ló ní kí wọ́n sunkún?"

Aránṣọ tó múlé tì mí yọjú láti ojú fèrèsé. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́, ṣebí òun ló ń wá ẹkún!"

Mo kọ̀ jálẹ̀. Olùdarí kò tilẹ̀ bínú. Ó ti mú òṣèré kan wá nínú bọ́ọ̀sì wọn, obìnrin tí mo fi ọjọ́ orí jù dáadáa. Wọ́n fi eérú pa á lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Ojú fèrèsé, láàárín àwọn òǹwòran, ni mo ti rí ọmọ mi tó wọlé, tó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, tó fi omi inú ìgò ṣe omijé, tó ní, "Ìyá mi." Olùdarí ní kí obìnrin náà wúkọ́ kó jinlẹ̀ sí i. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí wọ́n lọ, èédú wà lára ògiri, gáùn náà sì wà nílẹ̀. Mo fẹ́ dáná sun ún. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rẹ ẹ́ sómi. Kì í ṣe ìwà rere ló mú mi ṣe é, ìríra ni. N kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi. Tíì àti èédú ni gbogbo àbàwọ́n náà. Kò sẹ́ni tó jìyà rí nínú aṣọ yẹn. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ kedere, òdòdó aláró sì yọ lára rẹ̀. Mo rán èjìká rẹ̀, mo lọ̀ ọ́.

Fídíò jáde, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ní ilé ìfọṣọ, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ di aṣọ àlòkù wá fún mi. "Màmá, a ò mọ̀ pé ìyà jẹ yín tó báyìí." Nígbà tí mo délé, aránṣọ béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ikọ́ yín ńkọ́?" Àmọ́ òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi dé, inú rẹ̀ ń dùn. "Mọ́mì, gbogbo ayé ti mọ̀ yín!"

"Wọn ò mọ̀ mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ kó èérí ròde, kì í sì í ṣe èérí ilé wa."

Mo ṣí àpótí, mo gbé gáùn náà jáde ní kíká, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Kí lèyí?"

"Aṣọ ìyá rẹ. Ó gbàgbé rẹ̀ síbí. Bá mi gbé e fún un, kó o sì bá mi kí i kú oríire ọmọ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, kò lè rín in mọ́. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì mi, mo padà sídìí ògiri. Èédú náà kò tíì kúrò tán.