Ohun Tó Tu Kọmándà Lára

"Kí ló dé tí Kọmándà kò kan ẹnikẹ́ni mọ́?"

Màmá mi ló béèrè, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà dání lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwa tó wà ní fàráńdà ń jiyàn lọ́wọ́, iyàn náà sì ti gbóná débi pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣí òrùlé lọ, a ó kọ́kọ́ parí rẹ̀ ká tó gbójú sókè.

Àgbò bàbá mi ni Kọmándà. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn ń pariwo ní Lomé nígbà náà. Bí ọkọ̀ sójà bá ń kọjá lójú pópó Cacaveli, "Àgbò" lásán ni à ń pè é títí eruku wọn yóò fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà bá a mu. Ó ti kan ẹni tó ń gba owó iná, ó ti kan olórí ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ti kan pásítọ̀ wa níbi tí n kò lè dárúkọ. Nígbà tí òjò ọdún 1991 ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó ṣàdédé di ẹni pẹ̀lẹ́. Yóò dúró sójú kan, yóò máa wo ògiri bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn adìẹ ń gùn ún lẹ́yìn, kò sì bìkítà.

Ọdún náà ni ìpàdé ńlá orílẹ̀-èdè wáyé, tí ẹnu gbogbo wa là lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbogbo ìgbà tí ìjọba sójà ti ń bá a bọ̀, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni àgbàlagbà ń sọ síta. Nísinsìnyí ìwé ìròyìn tuntun ń hù bí olú, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí a ti fẹ́ tún òfin ìlú ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá wù máa mu igbó ní gbangba bí ó ti ń mu bíà. Láti ọjọ́ náà ni fàráńdà wa ti di ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Bàbá mi, Olúdáre, tí wọ́n ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ ní ọjà Adawlato, ni olórí àwọn tó ní rárá. Ọ̀rẹ́ wọn, Akínyẹlé, tí àwa ọmọ ń pè ní Tọ́ńtọ́ǹ bí àwọn Faransé ti ń pe àbúrò bàbá, ni ẹlẹ́rìí. Tọ́ńtọ́ǹ ti ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé bí igbó bá wà nínú àpò iyọ̀ lẹ́yìn odi, imú àwọn yóò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni aṣáà ti dí imú ọ̀hún, ṣùgbọ́n a kì í sọ ìyẹn. Àwọn méjèèjì a máa jókòó sí àyè wọn lálaalẹ́, wọn a kọ ẹ̀yìn sí òdòdó Màmá. Tọ́ńtọ́ǹ ló fi àpò ògbólógbòó kan, èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù tí wọ́n bá gbà lẹ́nu bodè láyé iṣẹ́ wọn, gbé erùpẹ̀ ọlọ́ràá wá sí ìdí òdòdó náà. Màmá kì í yé dúpẹ́. Wọ́n ní erùpẹ̀ Tọ́ńtọ́ǹ dára débi pé ó ń hu ohun tí àwọn kò gbìn.

Abímbọ́lá, àbúrò mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, nìkan ló wà lódìkejì. Èmi kò sí lápá kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ni, iṣẹ́ kò tíì sí, ara mi kò sì gba ìjókòó lásán. Àlọ́ tí kò ní ìdáhùn ni oúnjẹ mi, àlọ́ Kọmándà ni mo sì gbé dání, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré. Bàbá ti dúró níwájú ìjọ, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá yege ìdánwò mi, àwọn yóò mú Kọmándà wá ní ọjọ́ Ìkórè, lódindi, láìní àbùkù. Mo yege. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Ìkórè. Ẹran tó ń ṣàìsàn kò ṣe é mú síwájú pẹpẹ, Bàbá kò sì jẹ́ ra òmíràn dípò èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sìn dàgbà. Mo máa ń gbọ́ wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, tí wọ́n ń ní kó má dójú ti àwọn.

"Bí ó bá ń ṣàìsàn, sọ fún mi kó tó di ọjọ́ Ìkórè, kí n lọ jẹ́wọ́ fún pásítọ̀," ni wọ́n wí fún mi. "Bí kò bá sì ṣàìsàn, Bọ̀dé, kí ló ń ṣe é? Ìwé tí o kà náà, jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo mú dókítà ẹran wá. Ó wo ojú Kọmándà, ó wo eyín rẹ̀, ó ní ìlera ẹran náà pé, àfi pé kò mọ ìgbà tó yó. Mo yí omi rẹ̀ padà. Mo gba èèpo iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́. Ibi tó ń wò lára ògiri náà ló ṣì ń wò. Mo wá so ó mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ tó fi kan garawa, ó kan igi máńgòrò, ó sì kan èmi náà nígbà tí mo lọ bá a yọ̀. Mo tú u sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, adìẹ ti padà sẹ́yìn rẹ̀.

Orí mi wú. Ohun tó ń tù ú lára kò sí lára rẹ̀, inú ọgbà wa ló wà, níbi tí okùn kò jẹ́ kó dé. Mo wá ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, mo wá abẹ́ tánkì omi, mo tú ààtàn Màmá wò. N kò rí nǹkan kan. Títí ìrọ̀lẹ́ Sátidé, n kò rí nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá wọ aṣọ iyàn wọn. Òkìrìkà ni, Màmá ló rà á ní ọjà Hédzranawoé nítorí ewé gbàǹgbà aláwọ̀ ewé tí wọ́n yà sí i láyà. Gààrí ni Màmá ń tà, wọ́n sì ní ewé ẹ̀gẹ́ ni. Kì í ṣe ewé ẹ̀gẹ́. Èmi àti Abímbọ́lá mọ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí ẹ̀yìn àwo orin régè rí ló mọ̀ pé ewé igbó ni. Ṣùgbọ́n Bàbá fẹ́ràn aṣọ náà, wọ́n ní ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbẹ̀. Nítorí èyí, bí Abímbọ́lá bá ń jiyàn, òrùlé ló máa ń wò, kí ẹ̀rín má baà pa á. Bàbá rò pé ojú ló ń tì í.

Ó ń wo òrùlé lọ́jọ́ náà tó fi béèrè iye àwọn tí sódàbì, ògógóró ilẹ̀ wa, ti pa ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí igbó, ọmọ tálákà tí wọ́n bá bíńtín lápò rẹ̀ ni. Ẹni tó ni ẹrù ọkọ̀ kan wà nílé rẹ̀, ó ń jẹ fùfú. Tọ́ńtọ́ǹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ní Adidogomé, ọlọ́gbọ́n ọmọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí mu ún nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù, tó sì ń bá òpó iná sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní òfin lè má dá gbogbo ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n ó lè fún ọmọdé láyè láti dàgbà ná. Abímbọ́lá ní òun gba ìyẹn, kí wọ́n má tà á fọ́mọdé láéláé. Màmá pariwo láti ilé ìdáná pé bí wọ́n bá fàyè gbà á, kọ́ńgò wo ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n, ta ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó kún? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Bàbá tún ara wọn tò lórí àga. "Ohun tó ń mú ènìyàn jẹun láìyó, tó ń mú un wo ògiri bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, ẹ fẹ́ fi òfin fọwọ́ sí i? Kò lè wọ ọgbà tèmi láé. Bí mo bá rí i, màá mọ̀ ọ́n."

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí i rí?" ni Abímbọ́lá béèrè.

"Mo rí i. Wọ́n wé e sínú bébà."

"Tútù rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá wo Tọ́ńtọ́ǹ. Tọ́ńtọ́ǹ ní gbogbo èyí tí àwọn gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ lẹ́nu bodè, gbígbẹ ni, ó ti rún. Wọ́n sì ń fi ẹ̀ka kan tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́yìn àga wọn lé ẹ̀fọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Èmi kò gbọ́ ìyókù. Jíjẹun láìyó. Wíwo ògiri. Mo gbójú sókè láti wá Kọmándà.

Ó ti dé. Ó gba àárín wa kọjá jẹ́jẹ́, kò kan ẹnikẹ́ni, ó ki orí sáàárín àga Bàbá àti ti Tọ́ńtọ́ǹ, ó na ọrùn sí ìdí òdòdó, ó sì fa ọ̀kan tó ga jù nínú wọn mọ́ra. Igi náà tẹ̀. Ewé rẹ̀ kan ré èjìká Bàbá kọjá, ó sì sùn sórí àyà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n yà síbẹ̀, ìka sí ìka. Kọmándà ń jẹ ìyókù lọ, ó dijú.

Ọwọ́ Tọ́ńtọ́ǹ dúró lókè pẹ̀lú ẹ̀ka tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn. Abímbọ́lá kò wo òrùlé mọ́.

"Bọ̀dé," ni Bàbá wí, wọn kò tíì wolẹ̀, "ọ̀la ni Ìkórè. Kí ló ń ṣe ẹran yìí?"

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, Bàbá, ara rẹ̀ le koko," mo ní. "Ẹ wo àyà yín."