Wọ́n Sá fún Òkun, Wọ́n Wá Sétí Odò Wa

Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo ará Ìbàfò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yínúsà ọkọ mi, káfíńtà tó wá láti Ìwó, ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ kó lè fi ọparun kọ́ àtíbàbà sétí odò, mo panu mọ́. Ó ní àwọn ará Èkó ń wá ibi ìgbafẹ́ mìíràn, torí òkun ti ń jẹ etíkun tí wọ́n ń lọ. Òótọ́ ló sọ. Lóṣù Ògọ́ọ̀sì 2007, Mọ́mì Adéyẹ́misí láti ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ékòó kó àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù wọn wá.

"Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí èéfín," ni ìyá náà ń wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Irú ibí yìí là ń wá. Bó bá tẹ́ wa lọ́rùn, gbogbo ìjọ ló ń bọ̀."

Inú Yínúsà dùn kọjá ààlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo wo odò. Oòrùn mú ganrínganrín, Ògọ́ọ̀sì sì nìyí tí òjò máa ń sinmi, síbẹ̀ omi ti pọ́n, ojú oró ń sáré kọjá tòun ti gbòǹgbò. Etí odò yìí ni wọ́n bí mi sí. Òjò ti rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún, omi ń bọ̀.

"Bàbá Ròkíátù, ẹ kó àwọn ọmọ yìí sọ̀kalẹ̀!" mo ké sí ọkọ mi.

Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Jọkẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, rọra sọ̀rọ̀. Omi ló lé wọn kúrò l'Ékòó. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ omi níbí, ó parí fún wa nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa yí po."

"Ẹ̀ẹ̀kan kí ni? Ṣé orí yín pé báyìí?" Inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo kó sínú omi tòun ti ìró nídìí mi, mo gbé ọmọ tó kéré jù, mo figbe ta: "Omi ń bọ̀ o! Ẹ sá gòkè!"

Gbogbo wọn bọ́ kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n sá dé ibi tí bọ́ọ̀sì wọn wà lókè. Mọ́mì Adéyẹ́misí ń mí hẹlẹhẹlẹ. "A sá fún òkun, ẹ tún fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ fún odò! Gbogbo ìjọ ló máa gbọ́."

Yínúsà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Omi wo ló wá dé báyìí?" Ó kọjú sí mi. "O ti ba tiwa jẹ́, Jọkẹ́."

Ibẹ̀ la wà tá a fi gbọ́ ìró omi tó ń ya bọ̀. Omi dé, ó ká àtíbàbà kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ sí dojú dé, omi sì wọ́ ọ lọ. Ọmọ kan bú sẹ́kún.

Yínúsà kò tíì dìde nílẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn, Mà," ó ní. "Ẹ sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n má wá."