Ọwọ́ Tí Mo Bọ Múfú Lójú Àlá

Ọ̀dà ń bó lára ẹ̀gbọ́n mi nínú iná, níbi tí mo ti fọwọ́ kàn án gẹ́lẹ́. Àlá tí mo lá mọ́jú òní nìyẹn, Ṣadé ọ̀rẹ́ mi. O mọ̀ pé iṣẹ́ Múfú ni kó máa fín ọ̀dà funfun sára irin ẹ̀rọ amúnáwá, kí ooru má baà jẹ ẹ́. Lójú àlá, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fín. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó pariwo: “Ìwọ oníròyìn yìí! Ọ̀rá ọwọ́ rẹ kò ní í jẹ́ kí ọ̀dà mú!” Wọ́n ṣáà fín in, ó sì wọná lọ.

Bí mo ṣe jí ni mo pè é, mo sì rọ́ àlá náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín: “Mo wà láàyè, àbúrò.” Ó wá ní: “Àmọ́ mo fọwọ́ lásán gbé irin kan lánàá kí n tó fín in. Jẹ́ kí n sọ fún ọ̀gá.” Mo dúpẹ́ títí. Ọ̀gá wọn ní àwọn yóò họ ọ̀dà náà kúrò lónìí, àwọn yóò sì tún irin náà fín kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.