Ẹsẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Ẹsẹ̀ òsì aránṣọ kan ilẹ̀. Kó tó mọ̀, táyà ẹ̀yìn ti yọ̀ síhà àfonífojì, kẹ̀kẹ́ dẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ sì sáré jáde fúnra rẹ̀, ó lọ tẹ ilẹ̀ nídìí àpáta. Ó dúró, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni di ewúrẹ́ tó fẹ́ já mú, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹyẹ kan ló ń ké lórí igi, ẹyẹ kì í sì í rojọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀.

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nínú igbó ọba orí òkè yìí, bàbá aránṣọ ló sì gbé e kalẹ̀: ẹni tó la ọ̀nà kì í dájọ́ ọ̀nà. Bí wọ́n bá la ọ̀nà tuntun tán, wọ́n á ta okùn sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á wá ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ níbẹ̀ rí, kó gùn ún láti orí òkè dé géètì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, wọ́n á tú okùn. Bó bá kàn, ibi tó ti kàn ni wọ́n á tún ṣe. Ọ̀la ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá gun èyí, èyí náà sì ni bàbá fẹ́ fi jáwọ́ nínú iṣẹ́ tó ti ń ṣe látìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Nítorí rẹ̀ ni aránṣọ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, tó fi aṣọ ìyàwó kan tí kò tíì lápá sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìyàwó ọ̀hún ti ń pè é lórí fóònù láti àárọ̀. Kò gbé e.

Títí dé ibi àpáta yìí, adùn gbáà ni. Láti orí òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀nà ti wọ àárín igi, tó ń sáré níwọ̀n tí ara ń fẹ́. Ibi tí eré bá ti fẹ́ pọ̀ jù, ilẹ̀ á ga díẹ̀, á rọra gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ibi tó bá ti fẹ́ rẹ kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ á tún dà gẹ̀rẹ́. Wọ́n mọ àwọn òkìtì kéékèèké kan tẹ̀léra wọn, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àfonífojì, ó ga, ó sì tẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ abọ́, débi pé táyà kàn ń fara tì í ni. Ó ti tó kọ́nà kẹrin kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, òun obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó mọ ọwọ́ bàbá rẹ̀ lára ọ̀nà náà bó ṣe mọ ọwọ́ abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lára aṣọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá wí. "Ẹ̀rù ló bà ọ́," ó sọ fún ara rẹ̀. "O di bùréèkì mú." Ó ti kẹ̀kẹ́ padà sókè, ó tún un gùn. Kò fọwọ́ kan bùréèkì. Táyà tún yọ̀, ẹsẹ̀ tún jáde. Ó ti kẹ̀kẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra wá lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni gbé ẹyin. Ibi kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Aránṣọ fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó wo ẹ̀yìn dáadáa.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ojú ẹsẹ̀. Tirẹ̀ wà nídìí àpáta, mẹ́ta, wọ́n ṣì tutù. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan kọ́. Bàtà ńlá kan wà níbẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ní àmì ìràwọ̀, kò sì sí ẹlòmíì tó ń wọ irú ẹ̀ ju olùṣọ́ géètì, ọ̀rẹ́ bàbá. Èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti fi rọ́bà táyà lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ti atúnkẹ̀kẹ́ṣe nìyẹn, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá nígbà kan. Àwọn méjèèjì ti gun ọ̀nà yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ò kan nǹkan kan, pé oyin ni. Síbẹ̀ bàbá kò tú okùn. Ó ní òun fẹ́ kí ẹlòmíì tún gùn ún. Aránṣọ rò pé bàbá kàn fẹ́ kí òun náà wá yìn ín ni.

Ó ṣí ìgò omi rẹ̀. "Ẹnu lè parọ́," bàbá máa ń wí. "Da omi sí i." Ó da á sí àárín ọ̀nà. Ní kọ́nà tó dára, omi gbọ́dọ̀ yà sínú, sọ́dọ̀ àpáta, lápá òsì. Èyí ṣe bí ẹni rò ó díẹ̀, ó yà sí ọ̀tún, ó rìn dé etí, ó sì kán sínú àfonífojì.

Ìgbà náà ló rántí tíì àárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ife ni bàbá da tíì sí. Ó fọwọ́ wá a kiri lórí tábìlì, ó fi etí aṣọ nù ún kíá, òun aránṣọ sì dìde lọ wá ṣíbí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, kó má baà rí i. Ojú bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló ń gbójú kúrò níbẹ̀, òun náà sì wà lára wọn. Ó dùn ún gan-an.

Ó jókòó lórí àpáta. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí ló máa jẹ́ fún un láti lọ sí ìsàlẹ̀ kó ní oyin ni? Bàbá á fi ẹ̀rín jáwọ́ nínú iṣẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ó wo etí ọ̀nà, ó wo bí ìsàlẹ̀ ṣe jìn tó, ó ronú kan ọmọ ọlọ́mọ tí yóò sáré dé ibí yìí lọ́la. Aṣọ tó bá wọ́, kì í jẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ń rẹ́rìn-ín nínú díńgí. Ó dé akoto rẹ̀ padà.

Ní géètì, bàbá àti olùṣọ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní.

Olùṣọ́ ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ìyá àwọn ọmọ! Ṣé o rí i? Oyin ni, àbí irọ́ ni mo pa?"

Bàbá kò sọ pé oyin ni. Ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó kan ilẹ̀, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Táyà ẹ ni," olùṣọ́ yára wí. "Táyà yẹn ti jẹ. Mo rí i láàárọ̀, mo kàn ní kí n má..."

"Táyà mi ò ṣe nǹkan kan, sà. Kọ́nà ibi àpáta ni. Mo da omi sí i, Bàbá, ọ̀tún ló gbà." Ó kọjú sí olùṣọ́. "Ìràwọ̀ tó wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà."

Olùṣọ́ wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ló lọ rojọ́ òun. Lẹ́yìn náà ni bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pẹ́, tó fi ń nu ojú.

"Mo mọ̀ pé ibì kan wà tó wọ́," ó ní. "Ọwọ́ mi sọ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó wà. Ojú mi ò rí i mọ́. Mo wá ń bi àwọn èèyàn mi, oyin ni wọ́n ń fún mi lá."

"Ọlọ́kọ́," olùṣọ́ ní, "mi ò fẹ́ kó dùn ọ́ ni."

"Mo mọ̀. Dìde, o máa gbé erùpẹ̀."

Nígbà tí aránṣọ wà ní kékeré, bàbá máa ń wí pé ẹnu ọmọ yìí ò ní jẹ́ kó rọ́kọ fẹ́. Ó wá yé e pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gígùn ló mú bàbá ránṣẹ́ pe òun.

Wọ́n gòkè. Bàbá di ìgúnwọ́ rẹ̀ mú, ohun tí kò ṣe rí, kò sì díbọ́n pé nǹkan mìíràn lòun ń ṣe. Aránṣọ ló gbé ọkọ́. Olùṣọ́ ń fi garawa pọn erùpẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ráhùn pé òótọ́ wúwo ju irọ́ lọ. "Wà á lápá òsì," bàbá á wí, "kó o kó o sí ọ̀tún. Tẹ̀ ẹ́. Tún un tẹ̀." Ọwọ́ aránṣọ bó, kò dúró. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, bàbá kúnlẹ̀ nídìí àpáta, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Da omi sí i."

Omi rìn, ó yà sí òsì, ó wá bá ọwọ́ bàbá níbi tó wà. Bàbá jẹ́ kó tutù lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mu ún tán.

Inú aránṣọ dùn. Ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kàn."

"Ìwọ kọ́," bàbá dá a lóhùn. "Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló máa gùn ún láàárọ̀ ọ̀la. Wí fún un pé bó bá parọ́, ìwọ lo máa lọ wo ìdí àpáta."

"Kí ló dé, Bàbá? Mo lè gùn ún."

"Mo mọ̀. Ẹni tó la ọ̀nà kì í dájọ́ ọ̀nà."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká olùṣọ́, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ dúró, ó wo èékánná rẹ̀ tí erùpẹ̀ ti wọ̀. Ó fẹ́ pè é padà kó wá gba ọkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ti lọ síwájú, kò sì béèrè rẹ̀. Aránṣọ gbé ọkọ́ náà lé èjìká, ó fọwọ́ kejì ti kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ lé wọn.