Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Lẹ Àmì Mọ́

Kí àwọn oníbàárà tó kí Àǹtí Aránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kà. Ohun tí wọ́n ń kà kò sì fara sin. Ojúgun òsì ló wà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́: oòrùn pupa láàrin ọwọ́ méjì, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ Àjọ." Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni ẹsẹ̀ náà, owó Àjọ, ẹgbẹ́ aláàánú kan, ni wọ́n sì fi ṣe é, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí obìnrin yìí ti rán sọ́rùn àwọn èèyàn kò lóǹkà, kò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àyà ẹnikẹ́ni rí.

Ọkọ̀ ló gbá a lójú títì. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ òsì nísàlẹ̀ orúnkún, wọ́n ní ó dà bíi pé ọ̀tún náà máa bá a lọ. Ìyá rẹ̀ ló yarí. Ó ní kí wọ́n rán ohun tó ya, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún òun. Wọ́n bá rán an láti abẹ́ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìyá á gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, á fọ̀ ọ́, á rọra máa fà á, á máa bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń bínú, títí ẹsẹ̀ fi gbà láti tẹlẹ̀. Àpá ló kù. Ó ṣù, ó sì wọ́, bí aṣọ tí ọmọṣẹ́ tuntun fi ọwọ́ rán.

Ẹsẹ̀ òsì, Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé ẹsẹ̀ ló ń ṣe fún ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ nù, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Àjọ ló ń fún un lówó ìrànwọ́. Àdéhùn wọn kò sì lọ́jú pọ̀: gbogbo ẹsẹ̀ tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní àmì Àjọ níwájú, kí àwọ̀ rẹ̀ má yí padà, kí ohunkóhun má sì bò ó. Ẹ gbọ́ o, kí ohunkóhun má bò ó. Ẹni tó jókòó kọ ìyẹn kò rántí pé àwọn tó ni ẹsẹ̀ máa ń wọ síkẹ́ẹ̀tì.

Bí Àǹtí Aránṣọ bá ráhùn nílé, ìyá rẹ̀ á ní, "Ọmọ mi, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Àǹtí á mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, á máa ránṣọ lọ.

Lọ́jọ́ kan ló bọ́ ẹsẹ̀ náà sórí tábìlì Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Pa kí ni rẹ́?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ kà á tán lánàá, ó ní kí n dín owó aṣọ òun kù, ó ṣe tán, èmi náà ti jẹ oore èèyàn."

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú àdéhùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀, ó mú ọ̀dà, ó ń pò ó, ó ń fi í wé apá obìnrin náà, ó tún ń pò ó. Ìgbà tó kùn ún tán, òsì wá dán ju ọ̀tún lọ. Lọ́jọ́ náà, Àǹtí Aránṣọ rìn la ìgboro já, kò sì sí ẹni tó wo ilẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gba ọ̀nà tó jìn padà sílé.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Ìyókù ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti fọn sí i, ife tó ń kì í bọ̀ nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà wá tóbi jù, ó ń họ ọ́ lára. Tó bá fi wákàtí kan tẹ maṣíìnì, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ti wọn ife tuntun fún un, ṣùgbọ́n ohun èlò ti tán, Àjọ sì ní àwọn á kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ kí àwọn tó tún fi owó sílẹ̀. Bí wọ́n bá bínú lọ, ṣọ́ọ̀bù á tì. Bí ṣọ́ọ̀bù bá tì, kò sí ife, kò sì sí iṣẹ́ aránṣọ mọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ni wọ́n rán wá. Kò burú. Ìyẹn gan-an ló ń dunni jù, kò burú rárá. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà tó bá níbẹ̀, ó ní Àǹtí tó ń ránṣọ ni òun fẹ́ yà, kí ayé lè rí i pé owó náà ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé maṣíìnì síta. Àǹtí jókòó, ó fa síkẹ́ẹ̀tì sókè dé orúnkún bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

"Bàbá, lógò wa dà?"

"Ó ti ṣí kúrò, mà," Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ dáhùn, kò wo ojú rẹ̀. "Omi ló ṣí i."

"Kò sí wàhálà, sítíkà wà lọ́wọ́ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan ń dán, kò ní àbùkù kankan. Èkejì ní ojú ìrán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú tì í láti béèrè èwo ni èwo, ó sì gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó lẹ oòrùn pupa náà mọ́ ojúgun ọ̀tún, lórí àpá, ó fi etí fóònù rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun dáadáa.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ gan-an o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹran ara. Ibi tí ẹ ti so ó pọ̀ yìí nìkan ni kí ẹ tún wá nǹkan ṣe sí."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Bí wọ́n bá ní òun kọ́ nìyẹn, ọ̀dọ́bìnrin náà á yíjú sí òsì, á rí ọ̀dà, á mọ̀ pé wọ́n pa àmì rẹ́, wọ́n sì tún purọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àǹtí Aránṣọ wo Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, tó fa sítíkà náà ya, irun ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a lọ, ó sì jókòó sórí ibùsùn, ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbá a.

Owó jáde. Ohun èlò dé. Àǹtí Aránṣọ àti ìyá rẹ̀ jọ lọ gba ife tuntun, Àǹtí kò sì rántí pé wọn kì í ya àwòrán lásán. Àwòrán náà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ga ju èèyàn lọ: Àǹtí, maṣíìnì, ẹ̀rín, àti ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú pátápátá.

Ìyá dúró. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ yẹn.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Mo ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ló fún mi lẹ́sẹ̀."

"Èwo?"

Ìyá sún mọ́ àwòrán náà, ó fi ìka tọ àpá náà láti òkè wá sílẹ̀, bó ṣe máa ń tọ̀ ọ́ nígbà tí omi bá ń gbóná lórí iná. Ìgbà tó dé ibi oòrùn pupa náà, ó la ọwọ́, ó sì fi bò ó.

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ jáde síta pẹ̀lú ife tuntun lọ́wọ́. Ó rí wọn, ojú sì tì í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó rọra wí. "Ẹ má bò ó. Àwọn èèyàn Àjọ wà nínú ilé."

Ìyá gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ó ní. "Ẹ ní ìyá tó bí ẹsẹ̀ náà ní kí wọ́n kú iṣẹ́."

Ó yíjú padà, ó sì lọ dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.